Ìrìn Ọ̀sán Tí Wọ́n Pè Ní Wèrè

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Kí n tó kí yín rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa: mi ò ya wèrè. Orí mi pé. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi, n kì í sì í jẹ àjẹkù ẹnikẹ́ni lójú títì. Ó yá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé orúnkún yín ti ń tẹ̀ dáadáa?

Àná ni ọ̀rọ̀ náà tó dé etí mi. Awakọ̀ tó máa ń kó pákó wá láti ọ̀dọ̀ wa já ẹrù sí ìsọ̀ ọ̀gá mi. Mo kí wọn, wọ́n dúró lókèèrè. Wọ́n ní, “Kọ́kọ́ ka ení, èjì, dé ẹ̀wá fún mi.” Mo kà á. Wọ́n ní, “Kà á padà.” Mo kà á padà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sún mọ́ mi, tí wọ́n sọ fún mi pé onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ti ń ròyìn fún gbogbo orí tó bá fá. Ó ní nígbà tí òun wá sí ìlú ńlá níbí, òun rí mi nígboro lọ́sàn-án gangan, tí mò ń rìn bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, tí mo tẹjú mọ́ òkè, tí ètè mi ń mì, tí mò ń fi ìka kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́. Ó ní mo wá lọ jókòó ti arúgbó kan, mo mú orí ẹja nínú àwo rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

Ìyá mi, gbogbo ohun tí onígbàjámọ̀ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kò sọ.

Ẹ mọ̀ pé pátákó ìsọ̀ ni ọ̀gá mi ń kọ. Ẹni tó bá ṣí ìsọ̀ tuntun, àwọn ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń tà sókè ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní òfin kan tí mi ò gbọ́ níbòmíràn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí oòrùn bá ti dúró sí àárín orí, wọ́n á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n máa lọ rìn. Kì í sì í ṣe ìrìn ìkánjú. Wọ́n ní, “Bó o bá yára, o ò rí nǹkan kan.” Ọ̀sán gangan ni oòrùn máa ń kọ mànà lára ọ̀dà. Lẹ́tà tó bá ṣeé kà nígbà yẹn láti òdìkejì títì, kò sígbà tí kò ní ṣeé kà. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ rin inú igboro fún wákàtí méjì, kí n ka gbogbo pátákó tí mo bá rí, kí n jẹun níbi tí mo ti lè máa wo pátákó kan láti ojú fèrèsé, kí n wá padà lọ jíṣẹ́: èwo ló ṣeé kà, èwo ni oòrùn ti jẹ, èwo ni ebi ń pa ẹni tó kọ ọ́.

Ní ti ètè tó ń mì àti ìka, ẹ̀bi tíṣà wa lábúlé ni. Ẹ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kọ lẹ́tà náà sínú afẹ́fẹ́ kó o tó kà á, kó o wá pè é síta kí tíṣà gbọ́. Bí ètè ẹ ò bá mì, pàṣán á mì. Láti ìgbà náà, mi ò lè ka nǹkan kan kí ìka mi jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tí onígbàjámọ̀ rí mi yẹn, ìrìn náà dùn. Mo gba òpópónà àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́, mo gba orí afárá tí mọ́tò ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, mo dúró wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n so rọ̀ lára ilé gogoro kan, tí wọ́n ń nu fèrèsé, tí ọ̀kan sì ń jẹ búrẹ́dì lókè níbẹ̀ bí ẹni jókòó sí pálọ̀. Ilé mìíràn ga débi pé fìlà mi bọ́ kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ tán. Mo rí pátákó oníṣègùn eyín kan tí lẹ́tà méjì ti já bọ́ níwájú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín fún un. Bóyá ẹ̀rín yẹn wà nínú ìròyìn náà.

Lẹ́yìn náà mo wọ ilé oúnjẹ kan ní igun títì. Tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kún. Olóúnjẹ ibẹ̀, obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ lè dá mọ́tò dúró, ní kí n lọ jókòó ti Bàbá Apínwèé. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi pín ìwé kiri ojúlé ìlú yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n wo orí ẹja tó wà nínú àwo wọn, wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, “Ọmọ, ṣé ìwọ lo ni eyín ẹ?”

Mo ní, “Èmi ni mo ni ín, sà.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, sà.”

“Ó yá, gbé e.”

Ṣé kí n kọ̀ ni? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í na oúnjẹ síni kéèyàn wo ibòmíràn. Ibi tí mo ti ń tú orí ẹja náà ni onígbàjámọ̀ ti yọjú lójú fèrèsé. Mo tilẹ̀ rí i. Mo fi egungun ẹja juwọ́ sí i. Ó sá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣòkòtò búlúù mi rán awakọ̀ onípákó. Ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀. Pátákó kan ṣoṣo ni màá dá kọ. Bí mo bá yege, ọ̀gá mi á yọ̀ǹda mi, mo di ọ̀gá ara mi. Bí mo bá fi ibí sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ọdún mẹ́ta mi ti wọmi nìyẹn, orí fífọ búrọ́ọ̀ṣì ni màá tún ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn.

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ pé.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo gba ìwé ẹ. Orúnkún mi ń tẹ̀, òun kọ́ ló ń dùn mí.

Kò sí wèrè kan tó máa ń gbà pé òun ya wèrè. Ohun tó o sì kọ́kọ́ kọ nìyẹn, kó o tó kí mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ń bá mi jiyàn kó tó kí mi. Ṣé o rí i pé ìwọ gan-an lò ń wá ẹ̀rí fún onígbàjámọ̀?

O ní ọ̀gá ẹ ló ń rán ẹ rìn. Ó di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni mo ti kọ́. Mi ò gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìkankan wọn rí pé kó lọ máa wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wọ bùbá kiri ìlú.

Mi ò fẹ́ sọ èyí, ṣùgbọ́n o ti dàgbà. Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí o kò mọ̀. Ìrìn ọ̀sán ni tiẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Tí oòrùn bá mú, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ẹsẹ̀ lọ, kò padà wá. Títí ìyá wa fi kú, wọn kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.

Nítorí náà, dá mi lóhùn. Fèrèsé mélòó ló wà nílé wa? Ta ló fọ́ dígí mi? Kí ni mo máa ń sọ tí òwú bá já lójú abẹ́rẹ́? Má bi ẹnikẹ́ni.

Bàbá Kékeré ń bọ̀ wá mú ẹ. Àbúrò bàbá ẹ ni wọ́n, wọn ò sì ní gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ṣègbé. Wọ́n ti ti ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pa nítorí ẹ. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan níbẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bá ẹ rìn lọ ibì kankan àfi ibùdókọ̀. Di ẹrù ẹ sílẹ̀.

Mi ò fi ṣòkòtò búlúù ránṣẹ́. Tó o bá délé, o ó wọ̀ ọ́.

Ìyá ẹ.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú ọ̀sán, nítorí ọ̀sán ni mò ń kọ ọ́.

Fèrèsé márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò ṣí láti ìgbà tí bàbá mi ti kàn án níṣòó. Èmi ni mo fọ́ dígí yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lẹ nà, mo sì dákẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ máa ń sọ tí òwú bá já, ọmọ tó bá bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ kò lè kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá Kékeré dé lọ́jọ́ Ajé, àwọn àti àpò kan. Okùn gígùn méjì tí wọ́n fi ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Kékeré, kí lẹ fẹ́ fi okùn ṣe?”

Wọ́n ní, “Màá fi di ẹrù ẹ ni.”

Mo ní, “Gbogbo ẹrù mi ò ju àpò kan lọ.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀.”

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sórí agolo ọ̀dà ní ìsọ̀ wa, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá sín, wọ́n á dìde. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ọ̀gá mi gba búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá Kékeré ní, “Níbo?” Mo ní, “Ìrìn ni.” Wọ́n ní, “Kò sí ìrìn kankan.” Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹ tẹ̀ lé e, kó má baà sọnù.”

Ni wọ́n bá tẹ̀ lé mi, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, bí ọlọ́pàá tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún. Ní òpópónà àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ní ìkejì, wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Ní ìkẹta, a dé ìsọ̀ kan tó jẹ́ pé kìkì kẹ̀kẹ́ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n tiẹ̀ gbé òmíràn kọ́ sí àjà. Bàbá Kékeré bọ́ fìlà. Mi ò rí wọn kí wọ́n bọ́ fìlà fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan olórí ẹbí. Wọ́n wọlé, wọ́n yí táyà kan, wọ́n gbé etí tì í, wọ́n sọ fún onísọ̀ pé ìrin kan ti tẹ̀ nínú rẹ̀. Onísọ̀ ní rárá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ̀. Ọkùnrin náà gbé àga wá fún wọn.

Ní ilé oúnjẹ, wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn ti kìlọ̀, àwọn ò ní jẹ nǹkan kan. Olóúnjẹ bi wọ́n pé, “Ààwẹ̀ ni àbí ìjà?”

Wọ́n ní, “Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà.”

Ó ní, “Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń jẹun níbí, bàbá. Àwọn tí kò níṣẹ́ ni wọ́n ń wo fèrèsé.”

Ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà síwájú wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kéèyàn kàn gbóòórùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ṣíbí kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí n tó ka pátákó òdìkejì tán, wọ́n ti wà lórí àwo kejì, wọ́n sì ń bá Bàbá Apínwèé jiyàn lórí irú kẹ̀kẹ́ tó dára jù fún ẹni tó ń pín ìwé.

Wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn nísàlẹ̀ yìí.

*Ìyàwó wa, mo kí yín. Ara ọmọ yìí le. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gba ìwádìí ni, mi ò sì fẹ́ kánjú. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan sí i.*

Ìyá mi, wọ́n ti fi okùn kan sá aṣọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo rán ológbò lọ mú eku, mo wá gbọ́ pé wọ́n ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Awakọ̀ onípákó rí ẹ̀yin méjèèjì. Ó ní ẹ̀ ń rìn lọ́sàn-án, ẹ̀ ń na ìka sókè, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni pé ó máa ń ràn. Láti àárọ̀ ni ìyàwó Bàbá Kékeré ti gbé àpótí síwájú ìsọ̀ mi, ó jókòó. Ó kàn ń wò mí ni. Mo ti rán apá aṣọ kan mọ́ ibi ọrùn nítorí ojú rẹ̀.

Eré ti tán. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ. Mo ní èmi ni mo fà ẹ́ lé wọn lọ́wọ́, èmi náà ni mo sì fẹ́ gbà ẹ́ padà, kí wọ́n yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Má kọ̀wé mọ́. Ara ẹ ni kó o gbé wá.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní fi ìwé yìí ṣeré.

Ọ̀gá mi ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fọ búrọ́ọ̀ṣì mi fúnra wọn, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ní, “Mi ò ní bá ìyá du ọmọ. Bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ wá pé kó o ṣe é, kò sí ìdánwò.” Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa rin ìrìn mi, ìrìn kì í ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà.

Bàbá Kékeré ní àwọn lè kọ ìwé náà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti mú bírò. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá fi irọ́ gba òmìnira, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bi mí pé ta ló yọ̀ǹda mi, kí ni kí n wí? Olórí kunkun ni mí, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kì í ṣe olè.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tẹ́lẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní fi ìrìn mi dápàárá. Ẹ gbọ́ èyí nìkan. Mo máa ń padà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn wákàtí méjì, mo ń padà wá jíṣẹ́ fún ẹnì kan tó jókòó dè mí. Ẹ bi ọ̀gá mi bóyá mo pẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni, òjò ló fà á.

Bí ẹ bá ní kí n wálé, màá wálé. Mi ò ní bá yín jà. Màá máa fọ abọ́, màá máa pọnmi, màá sì dákẹ́ fún yín dáadáa, ẹ sì mọ bí mo ṣe lè dákẹ́ pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sí ọ̀gá mi. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ọ̀sẹ̀ kan ti pé, ẹ ò dá mi lóhùn. Awakọ̀ onípákó dé, mo ní kí lẹ fi rán wọn sí mi. Wọ́n ní ẹ ò fi nǹkan rán àwọn, wọ́n wá ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ṣé ara yín le? Bí rárá ni, ẹ kọ rárá. Ẹ ṣáà kọ nǹkan.

Ìrìn àná kò dùn rárá. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Obìnrin kan tún wà tó ṣí agbòòrùn dúdú ńlá kan, ibi tí mo bá yà sí ló ń yà sí. Nígbà tí mo fẹ́ ka pátákó oníbàtà, ó gbé agbòòrùn dí mi lójú. Mo yípo, ó yípo. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo ní kí n má wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí onígbàjámọ̀ á gbọ́. Àwọn ará ìlú ńlá yìí, wọn ò bìkítà fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Èmi ni mo ni agbòòrùn.

Má pariwo, jókòó kó o kà á. Mo bá awakọ̀ onípákó wá. Mo ní bó bá la ẹnu, mi ò ní rán ṣòkòtò kankan fún un mọ́ láyé. Kó tó di ọ̀sán, mo ti dúró sí òdìkejì ìsọ̀ ọ̀gá ẹ. Mo rí Bàbá Kékeré nínú ìsọ̀, wọ́n ń fi ọ̀dà kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. O jáde, mo tẹ̀ lé ẹ.

Bí ìgbín tó yó lò ń rìn. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n tì ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó o ti fẹ́ sọdá títì, o wo ọ̀tún, o wo òsì, o tún wo ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lo sọdá, mo kà á. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ibì kankan. Ńṣe ló máa ń rìn bọ́ sójú títì bí ẹni pé títì ló yẹ kó yà fún un. Nígbà tó o sọdá lẹ́ẹ̀kẹjọ, mo ti mọ̀ pé ohun tó ṣe òun kò ṣe ẹ́. Mo lè padà láti ibẹ̀. Ó ti ń dùn mọ́ mi ni.

Ìsọ̀ aṣọ kan wà lẹ́yìn afárá. Wọ́n gbé aṣọ kan sínú dígí tí wọ́n rán ọrùn rẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn rí ojú ìrán. Mo dúró. Mo ń fi ìka tọ bí wọ́n ṣe gé e nínú afẹ́fẹ́, mo sì ń bá ara mi sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé, nígbà tí ọkùnrin kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó fa ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ mi, ojú tì mí. Lẹ́yìn náà mo padà síbi ọrùn aṣọ náà, mi ò tíì wò ó tán.

Ní ilé oúnjẹ, tábìlì méjì àti agbòòrùn mi ló wà láàárín wa. Mo ní kí olóúnjẹ fún mi ní omi nìkan. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹun, kí ọmọ yín náà lè gbádùn tiẹ̀.” Mo ní ta ló sọ fún un pé ọmọ mi ni? Ó ní ojú kan náà la fi ń fura sí àwo. Mo jẹun. Ata wọn kò tó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Mi ò pè ẹ́, nítorí bí mo bá pè ẹ́, màá ní láti tọrọ àforíjì lójú títì. Nínú ìwé ló rọrùn. Mo ti ṣe é báyìí, má tún béèrè rẹ̀.

O máa ń yára jẹun jù. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ òsì ti tú, ìlú tí wọ́n ti mọ̀ pé aránṣọ ni ìyá ẹ lo sì ń wọ̀ ọ́ kiri. Ṣòkòtò búlúù wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ìwé tí mo kọ sí ọ̀gá ẹ pé kó o ṣe ìdánwò ẹ wà nínú èyí. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí wọ́n lè kà á lọ́sàn-án. Fi hàn wọ́n, kó o wá gbà á padà sọ́wọ́ ara ẹ. Ìwọ ni mo kọ ọ́ fún jù.

Sọ fún Bàbá Kékeré pé ìyàwó wọn ti kúrò níwájú ìsọ̀ mi. Ó wà lọ́nà.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ìfarapamọ́. Ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú oòrùn. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti ka ibi àforíjì yẹn dáadáa, lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọ̀gá mi ka ìwé yín, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Pátákó ilé búrẹ́dì kan ni wọ́n fún mi, ó gùn tó ọkùnrin méjì tó na tàntàn. Ohun tí a ó kọ síbẹ̀ ni: BÚRẸ́DÌ GBÍGBÓNÁ, ÀÁRỌ̀ ÀTI ÌRỌ̀LẸ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ìdánwò gan-an wà lánàá, lọ́sàn-án. Òfin rẹ̀ ni pé kí ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ wá rí máa kọjá lọ ní òdìkejì títì, kí wọ́n sì kà á síta láìdúró, kí òjìji àkàbà tó kan gọ́tà. Ẹni tó mọ̀ mí lè wá dúró, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, kò sì gbọ́dọ̀ nàka. Èmi fúnra mi á wà lórí àkàbà.

Ẹni àkọ́kọ́ ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó ní, “Búrẹ́dì gbígbóná, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́,” ó gbé itọ́ mì, ó lọ. Ẹni kejì jọ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ó kó fáìlì dání. Ó kà á tán, ó sì forí gbá òpó iná. Ọ̀gá mi ní a máa ka òun náà mọ́ ẹni mẹ́ta, nítorí kò dúró títí ó fi dé ibi òpó.

Lẹ́yìn náà, kò sẹ́nì kankan mọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Òjìji ń lọ sí ọ̀nà gọ́tà. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, wọ́n sì ń fi àgbọ̀n húkọ́ náà sókè síbi pátákó, títí olóúnjẹ fi ja wọ́n léèékánná. Nígbà tó ku ìka mẹ́rin, mo ti ń ro bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lọ́nà mìíràn.

Obìnrin kan ni ó ń bọ̀, ó ru igbá aṣọ tó ti fọ̀. Kò lè gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ nìkan ló yí sókè. Ó ní, “Búrẹ́dì gbígbóná, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.” Kò dúró. Ó ń lọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ọ̀sán ńkọ́? Àwa tí ebi ń pa lọ́sàn-án, àwa kì í ṣe èèyàn ni?”

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi àkàbà sílẹ̀, èmi sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó kà á débi tó fi rí àléébù rẹ̀, ó ti kà á.” Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì náà lé mi lọ́wọ́, ó di tèmi. Onílé búrẹ́dì ti ní kí n padà wá fi ọ̀sán kún un. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gbà lórúkọ ara mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó dúró tì mí fún yín, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó máa kí. Ọ̀gá mi dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ọ̀kan. Bàbá Kékeré, méjì. Ìyàwó wọn tó wá fà wọ́n lọ sílé, tó ní òun ò ní fà wọ́n kí òun tó mọ ibi tó máa já sí, mẹ́ta. Bàbá Apínwèé, tí wọ́n di eyín mọ́ ẹnu kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀, mẹ́rin. Olóúnjẹ, tó pa iná ọ̀sán nítorí mi, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ sì ń bú mi, márùn-ún. Awakọ̀ onípákó, tí wọ́n gbé ọkọ̀ dí ẹnu títì kí mọ́tò má baà yára kọjá, mẹ́fà.

Èmi ka méje. Mo ní ìwé tí ìyá mi kọ wà nínú àpò àyà mi lórí àkàbà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá Kékeré ní irọ́ ni, ẹni tó bá wà nínú àpò kì í ṣe ẹni tó dúró.

Mo ní, “Bàbá Kékeré, ẹ ò tíì mọ ìyá mi. Inú àpò náà ni wọ́n dúró sí.”

Ọmọ yín.